Pawapáàkì Láti Nagoya

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ: kọ̀ǹpútà máa ń tètè darúgbó ju ajá lọ. Ọdún mẹ́jọ péré ni ti Jorelyn, ìwà baba ẹni ọgọ́rin ọdún ló sì ń hù. Bó bá tàn án láàárọ̀, á lọ wẹ̀, á wọṣọ, á dé bá a níbi tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ tí kò tíì jí tán. Ṣùgbọ́n Jorelyn mọ ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ ibi tó yẹ kó lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ariwo inú rẹ̀ tó rọlẹ̀, ó sì mọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣí pọ̀ mọ́ géèmù. Orí rẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn nínú géèmù, tó fi di pé ní gbogbo La Paz, àdúgbò rẹ̀, títí dé òdìkejì odò ní ìlú Iloilo, ní orílẹ̀-èdè Philippines, bí àwọn ọkùnrin bá gbọ́ pé òun ló wà ní ìhà kejì, ẹnu wọn á wọhò.

Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún, àwọn tó ni géèmù náà tún un ṣe. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó rẹwà sí i. Ẹwà wo? Ẹwà tó ń pa tálákà. Koríko, omi, èéfín, gbogbo rẹ̀ wá ń dán yanran, kọ̀ǹpútà Jorelyn ò sì lè gbé e mọ́. Bí ọ̀tá bá yọ, àwòrán á dúró gbagidi. Nígbà tó bá máa fi rìn, wọ́n ti pa Jorelyn.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ kan ní Manila kéde pé àwọn ń wá ọmọbìnrin méjì. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n á fún un ní yàrá, oúnjẹ àti owó oṣù, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ní ju géèmù lọ. Sátidé tó parí oṣù karùn-ún ni ìdánwò, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n á sì jà. Kálukú gbọ́dọ̀ lo kọ̀ǹpútà tirẹ̀, torí wọ́n á ti fi nǹkan sínú rẹ̀ lọ́jọ́ méjì ṣáájú tí yóò máa ṣọ́ màgòmágó. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, tí èèyàn ń sanwó lò, kò wúlò. Wọn kì í sì í gba ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́tàlélógún. Oṣù keje ni Jorelyn máa pé e.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ju géèmù lọ. Ìyá rẹ̀, tó ń pè ní Nanay, ti wà ní Nagoya ní Japan láti ọdún mọ́kànlá, níbi tó ti ń wẹ àwọn arúgbó, tó ń gbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì tó sì ń gbé wọn kúrò. Ó pẹ́ tó ti ń rọ Jorelyn pé kó forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà àti èdè wọn, kó wá bá òun. Jorelyn ò fẹ́. Kò fẹ́ rárá. Ó ti rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ lójú fóònù, bí omi àti ọṣẹ ṣe bó o, tó sì ń là. Ìyá àtọmọ wá fẹnu kò sí ibì kan: bí àwọn ará Manila bá mú un, Nanay ò ní dárúkọ Japan sí i létí mọ́, bí wọn ò bá mú un, kó lọ fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ Ajé. Jorelyn gbà. Ó dá ara rẹ̀ lójú.

Ilé ìyá ìyá rẹ̀, Lola Pasing, ló ń gbé; Lola ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. Lola ló tọ́ ọ dàgbà látìgbà tí Nanay ti lọ. Láti ìdájí ni Jorelyn ti máa ń lọ di búrẹ́dì sínú ọ̀rá ní ilé búrẹ́dì, owó tó ń tibẹ̀ bọ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó fún un mọ́wọ́ fún oṣù kan, kò ra bàtà, kò jẹ ìpápánu, títí ó fi rí owó lọ bá Manong Nards, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Manong Nards ní káàdì kan tó yọ nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù géèmù tó kógbá wọlé, irú káàdì tó máa ń gbé àwòrán jáde lójú ẹsẹ̀ láìfà á. Kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ó lágbára. Jorelyn san án, àpò rẹ̀ sì gbẹ.

Manong Nards ò jẹ́ kó dìde tó fi sọ ti ẹnu rẹ̀. Ó máa ń pè é ní Inday, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọbìnrin níbẹ̀.

"Inday, káàdì yìí lẹ́nu o. Pawapáàkì inú kọ̀ǹpútà rẹ ò lè bọ́ ọ. Bí géèmù bá ti gbóná báyìí, ó kú nìyẹn."

Pawapáàkì yẹn ló ń pín iná fún gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ti Jorelyn sì kéré, ó ti gbó. Manong Nards ní èyí tó lágbára lórí àtẹ, ẹgbẹ̀rún méjì péésò. Kò ta á láwìn. Ó ní àwọn tóun ta á fún láwìn kì í gba ojúlé òun kọjá mọ́.

Nígbà tí Nanay gbọ́, ó ní kí wọ́n má náwó rárá. Ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kún àwọn ilé ìtajà àlòkù lọ́hùn-ún, òun sì ń di páálí lọ́wọ́, òun á fi ọ̀kan sínú rẹ̀. Ẹnu Jorelyn ti fẹ́ la, ó pa á dé. Nínú ilé tiwọn, ohun tí ará òkè òkun bá ní òun ń fi bọ̀, ẹnì kan kì í kọ̀ ọ́. Bó jẹ́ bàtà tó há, wọ́n á tiraka wọ̀ ọ́, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á fi ránṣẹ́ kí olóore lè rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni páálí ń lò lórí òkun. Jorelyn ka ọjọ́, ó rí i pé yóò dé ní bí ọjọ́ mẹ́rin sí ìdánwò. Ó ní kò burú.

Lóòótọ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ ìdánwò ló dé. Páálí náà ga dé àyà Lola. Wọn kì í ṣí irú rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́: gbogbo àdúgbò ló pé síbẹ̀, bí ẹni pé Nanay gan-an ló wà nínú rẹ̀. Ọṣẹ jáde, ẹran inú agolo jáde, ṣokoléètì jáde ní ìdì ní ìdì, orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan lára tirẹ̀. Ẹni tí kò bá bá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ó ti dọ̀tá ìdílé nìyẹn, kò sì ní fi ojú rẹ̀ pamọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú súwẹ́tà Nanay àtijọ́, ni pawapáàkì wà. Ó wúwo, ó dán. Jorelyn gbá a mọ́ àyà, ó sá lọ sí ọ̀dọ̀ Manong Nards.

Manong Nards yí i lójú yí i lẹ́yìn, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó sì súfèé.

"Iná Japan nìkan lèyí ń jẹ. Ti ara ògiri tiwa ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ṣé ẹ ní tiransifọ́mà nílé?"

Wọ́n ní in. Ilé wo tó ní èèyàn ní Japan ni ò ní? Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Nanay fi ìkòkò iná ránṣẹ́, èyí tó ń se ìrẹsì fúnra rẹ̀, wọ́n sì ra tiransifọ́mà kan tì í, àpótí irin tó wúwo bí òkúta, tó ń dín iná ògiri kù kó má baà jó ìkòkò. Ojú kan ṣoṣo ni tiransifọ́mà náà ní. Ẹyọ nǹkan kan ló lè wà lórí rẹ̀. Manong Nards ní ó máa gbé kọ̀ǹpútà náà dáadáa. Lẹ́yìn náà ló gbé ìka sókè. Ó ní bí wọ́n bá ṣèèṣì ki pawapáàkì yìí bọ ògiri lásán, ará Jaro ní àdúgbò kejì náà á gbọ́ ìró rẹ̀, pawapáàkì náà ò sì ní kú lóun nìkan.

Inú ilé ìdáná ni tiransifọ́mà wà, lórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Jorelyn fi káàdì àti pawapáàkì náà sínú kọ̀ǹpútà, ó fa wáyà gígùn láti inú yàrá, ó gba abẹ́ kọ́tìnnì, ó sì fi í sí tiransifọ́mà. Kọ̀ǹpútà jí. Ẹ wo ayọ̀! Ó ṣí géèmù, koríko ń mì lẹ́lẹ́, omi ń ṣàn, ọ̀tá yọ, ó sì ti pa á kí ó tó mọ̀ pé òun ti yìnbọn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lola dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo wáyà tó wà lórí tiransifọ́mà rẹ̀. Ibí yìí ni kí ẹ bá mi wò dáadáa. Lola mọ tiransifọ́mà yẹn, ọdún mẹ́ta ló ti ń lò ó. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé ìkòkò wá láti Japan, bí a bá fi í sí ògiri, á jóná. Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Iloilo níbí ni wọ́n ti rà á, ọdún mẹ́jọ ló ti ń jẹ iná ògiri, ohunkóhun ò ṣe é rí. Lójú tirẹ̀, ọmọ náà kàn fi wáyà síbi tó wù ú ni.

Jorelyn ní kó má fọwọ́ kan wáyà náà bí òun bá ń ṣeré. Lola bi í pé kí ló dé.

"Ẹ ṣáà má fọwọ́ kàn án, Lola. Bí mo bá ṣàlàyé fún yín, kò ní yé yín."

Ọ̀rọ̀ ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà á láti sọ pé inú kọ̀ǹpútà ti yí padà, pé òun náà ti di ará Japan bíi ti ìkòkò. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsìnyí, bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹ̀rọ, wọ́n á máa rò pé àgbàlagbà ò lórí mọ́. Wọ́n ṣètò pé kí Lola máa se ìrẹsì ní ìdájí, kí tiransifọ́mà lè wà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà lójúmọmọ. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ará Manila fi aṣọ́nà wọn sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, gbogbo nǹkan lọ geerege.

Sátidé dé. Lola ti se ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ kílẹ̀ tó mọ́, Jorelyn ò sì jẹ ẹ́, ó ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Aago mẹ́wàá lù. Ó borí nínú ìjà àkọ́kọ́. Nínú ìkejì, òun nìkan ló kù nínú àwọn márùn-ún tí wọ́n pín sí ẹgbẹ́ kan náà, ó sì pa àwọn ọ̀tá mẹ́ta tó ṣẹ́ kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ser Tolentino, ọ̀gá tó ń ṣe ìdánwò náà, sọ fún un nínú gbohùngbohùn pé òun ti ń wò ó, pé bí èyí bá lọ bẹ́ẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Jorelyn fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Ìkẹta ló pẹ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì ẹnì kan ní Davao já, wọ́n ní kí gbogbo wọn dúró dè é. Aago méjìlá kọjá. Nínú ilé ìdáná, àwọn ọmọ àbúrò Lola ti yà, wọ́n ti jẹ ìrẹsì àárọ̀ náà tán. Nanay pe Lola láti Nagoya, kò béèrè ohun kan ju pé, ṣé ọmọ náà ti jẹun? Lola ní rárá o, láti àárọ̀, omi lásán. Nanay ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún un lóúnjẹ, ebi kì í jẹ́ kí ojú ríran. Bẹ́ẹ̀ náà ni Lola ti ń rò ó láti wákàtí kan sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá jẹ ìrẹsì níbẹ̀, bó jẹ odindi màlúù, kò tíì jẹun.

Lola fọ ìrẹsì, ó bu omi sí i. Ó wo wáyà tó wà lórí tiransifọ́mà. Ó rántí pé wọ́n ní kí òun má fọwọ́ kàn án. Ó sì rò ó dáadáa, kì í ṣe pé kò rò ó: bí òun bá yọ ọ́ tí òun ò fi í síbì kankan, kọ̀ǹpútà ọmọ á kú. Nítorí náà, kí òun yọ ọ́ kíá, kí òun sì fi í sára ògiri, bó ṣe máa ń wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni ṣẹ́jú. Iná Iloilo fúnra rẹ̀ máa ń ṣẹ́jú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yọ ọ́, ó sì ki í bọ ògiri.

Ìró náà dún bí ìgbà tí táyà ọkọ̀ bẹ́. Nínú yàrá, ìjà kẹta ti bẹ̀rẹ̀, Jorelyn ti pa méjì, ojú kọ̀ǹpútà kú lọ fẹ́ú, ohun kan bù mọ̀nà lábẹ́ tábìlì, èéfín sì jáde, ó ń rùn bí ike tó jóná. Kò yéé tẹ àwọn bọ́tìnnì náà. Ó tẹ̀ wọ́n, ó tẹ̀ wọ́n.

Láti ìdí kọ́tìnnì ló ti gbọ́ ohùn Lola, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Inday, mo ti fi í sí ògiri fún ọ. Ṣé ó ti padà?"

Ó dìde, ó ká kọ́tìnnì sókè. Ó rí wáyà lára ògiri. Ó rí ìkòkò iná lórí tiransifọ́mà, iná pupa rẹ̀ ń tàn. Ó mú fóònù, ó pe Ser Tolentino. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òfin fún ẹni tó bá já nígbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Jorelyn bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n fún òun di ọ̀la, di ọjọ́ Ajé, òun á wá kọ̀ǹpútà yá. Ọkùnrin náà ò bínú, ó tilẹ̀ káàánú rẹ̀, ó ní ó ṣe òun láàánú gan-an, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rìnlélógójì ló ń dúró lẹ́yìn, bí òun bá sì ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnì kan, kí lòun máa wí fún àwọn yòókù? Ó kí i, ó sì pa fóònù.

Jorelyn wo ìyá àgbà náà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ kó balẹ̀.

"Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Ayé mi lẹ fi se ìrẹsì yẹn, Lola. Ẹ jókòó, kí ẹ jẹ ẹ́."

Lola na ọwọ́ síbi ìkòkò bí ẹni fẹ́ pa á, ó sì fa ọwọ́ padà, kò lè fọwọ́ kàn án. Jorelyn ló yọ ọ́. Ìrẹsì náà ò jinná, adìyẹ ló jẹ ẹ́.

Manong Nards yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Pawapáàkì ti kú, ó sì ti mú káàdì náà dání, ó mú bọ́ọ̀dù ńlá tí ohun gbogbo jókòó lé náà. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó gbé àpótí kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀, bóyá òun á rí ẹni tó máa fi irin rẹ̀ ṣe nǹkan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, Nanay pè. Jorelyn ò dárúkọ Lola. Ó ní pawapáàkì náà bẹ́ ni, kò mọ ohun tó fà á. Ìyá rẹ̀ wá ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Ó ní pawapáàkì méjì ni ẹni tó ń tajà gbé síwájú òun lọ́jọ́ tóun lọ rà á. Ìkejì ń jẹ iná ilẹ̀ èyíkéyìí, kò nílò tiransifọ́mà, ó sì fi díẹ̀ wọ́n ju èkíní lọ. Ìyẹn ì bá jẹ owó ṣokoléètì àwọn ará àdúgbò.

"Mo ní ẹ ṣáà ní tiransifọ́mà nílé. Mo sì ní bí mi ò bá fi ṣokoléètì ránṣẹ́, wọ́n á ní mo ti gbàgbé àwọn."

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí wà lára àwọn tó jẹ ṣokoléètì náà. Ó dùn, ojú sì ń tì mí.

Nanay sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní bóyá bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ó nu imú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ yàrá: pé òun ti rí èyí tó gba ẹni méjì, pé fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi, pé ilé ìwé tí Jorelyn á lọ ní La Paz ò gbowó púpọ̀. Ohùn rẹ̀ ń yá díẹ̀díẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, kò sì lè fi pamọ́. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Ọdún mọ́kànlá ló ti ń sùn ní òun nìkan. Ṣùgbọ́n ó rí lára Jorelyn bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ orin níbi tí wọ́n ti ń sin òkú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ fọwọ́ sí ìwé.

Ó bẹ Lola. Kí ẹ má rò pé kò bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá àgbà náà lé iwájú orí ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó sọ pé àìsọ òun ló fà á, ó sì wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, pé ará Japan ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Lola gbọ́, ó yé e, kò tilẹ̀ gba ìṣẹ́jú kan. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó ní òun ò rántí mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti gbé ìkòkò iná sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ bò ó, ìta ló ti ń fi èédú dáná. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò sẹ́ni nílé, inú òkùnkùn ló máa ń jókòó. Jorelyn a máa tan iná bó bá ti wọlé, á sì ṣe bí ẹni pé òun ò rí i.

Oṣù kẹjọ, ó dé láti ilé ìwé lọ́sàn-án kan, ìwé èdè Japan lábíyá. Wọ́n ti sọ fún un láàárọ̀ pé oṣù kejìlá ni wọ́n á kó wọn lọ. Ooru ọjọ́ náà le, òrùlé páànù ń jó. Ó bá Lola lórí àga nínú yàrá, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ń la ẹnu mí. Fáànù wà níwájú rẹ̀ gan-an, wáyà rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú iná ara ògiri ò sì jìnnà ju ibi tí ọwọ́ lè nà dé.

Jorelyn ju ìwé sílẹ̀, ó ki fáànù bọ iná, ó bu omi fún un. Ó wò ó bó ṣe ń mu ún. Ó ń ka oṣù lọ́kàn.

"Lola, ẹ̀yin náà lè máa ki í bọ iná. Fáànù lásán ni. Kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀."

Lola gbé ife sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Ohun tí mo rò lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn, Inday," ni ó wí.